Kí Háídírójìn Tó Dé, Ẹ Jẹ́ Ká Kọ́kọ́ Mu Omi

Ní èbúté Ìgbókòdá, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, láàárọ̀, omi ló máa ń kọ́kọ́ wọkọ̀. Àpò píọ̀ wọ́tà ni wọ́n á tò sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì, ọ̀kan lórí èkejì, wọ́n á wá gbé pákó lé e kí àwọn obìnrin lè rí ibi jókòó. Kẹ́ẹ̀gì aláwọ̀ ìyeyè á tẹ̀ lé e. Ọ̀rá ni wọ́n fi ń dì í lẹ́nu kí wọ́n tó dé e, kí ìgbì má baà da ohun tó wà nínú rẹ̀ nù. Ọlọ́kọ̀ á bẹ̀rẹ̀, á wo bí ọkọ̀ ṣe rì tó. Bó bá rì jù, á ní kí èrò kan sọ̀ kalẹ̀ kó dúró de ọkọ̀ tó ń bọ̀. Èrò ló máa ń sọ̀ kalẹ̀. Wọn kì í sọ omi kalẹ̀.

Ayétòrò àti àwọn abúlé etíkun Ìlàjẹ yòókù ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń lọ, níbi tí omi wà níwájú ilé, lẹ́yìn ilé àti lábẹ́ ilé. Bí ẹ bá bi ìyá kan tó ń yan ẹja níbẹ̀ pé kí ló ń gbówó lọ́wọ́ rẹ̀ jù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó lè má dárúkọ igi ìdáná, ó lè má dárúkọ epo ẹ́ńjìnnì ọkọ rẹ̀. Omi ni yóò kọ́kọ́ mẹ́nu bà. Nígbà òjò, páànù orí ilé ń da omi sínú àgbá, wọ́n ń fi wẹ̀, wọ́n ń fi sè, wọ́n ń mu ún. Tí òjò bá ti dá, tí oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í ta, omi di ọjà tí wọ́n ń fi ọkọ̀ gbé wá láti òkè.

Oòrùn tó ń gbẹ àgbá wọn yìí gan-an ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń sọ nílé-lóko pé ó lè ṣe iṣẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà: kó yọ iyọ̀ kúrò nínú omi òkun títí tí yóò fi ṣeé mu, kó sì tún tú díẹ̀ nínú omi náà sí háídírójìn, gáàsì tí àwọn orílẹ̀-èdè olówó ń wá kiri báyìí. Wọ́n ti ṣe ẹ̀rọ rẹ̀ ní yunifásítì, ó sì ṣiṣẹ́. Ìbéèrè tó kù fún wa ni pé èwo nínú iṣẹ́ méjèèjì ló kàn wá jù.

Omi pọ̀, ti mímu ló wọ́n

Lítà omi òkun kan ní iyọ̀ tó tó gíráàmù 35 nínú. Bí iyọ̀ àti èròjà inú omi bá ti ju gíráàmù kan lọ nínú lítà kan, ẹnu kì í fẹ́ gbà á mọ́. Kíndìnrín èèyàn kò sì lágbára láti tọ ìtọ̀ tó níyọ̀ tó omi òkun. Ẹni tó bá mu ún yóò tọ̀ ju ohun tó mu lọ, òùngbẹ ni yóò sì gbẹ̀mí rẹ̀.

Ọdún 1947 ni àwọn ọmọ Ẹgbẹ́ Mímọ́ Àpọ́sítélì tẹ Ayétòrò dó. Ìlú tí wọ́n ń jẹ lápapọ̀ ni, ohun gbogbo jẹ́ ti gbogbo wọn. Wọ́n kan ọkọ̀ ojú omi fúnra wọn, wọ́n hun aṣọ, wọ́n sì ti ń dá iná mànàmáná tiwọn kí Nàìjíríà tó gbòmìnira. Lónìí, òkun ti jẹ ilé, ojú ọ̀nà àti itẹ́ òkú wọn lọ, ó sì ń jẹ ẹ́ lọ. Ohun tí àwọn àjèjì kì í fi bẹ́ẹ̀ kíyè sí ni pé kí òkun tó wó ilé, ó ti kọ́kọ́ ba omi jẹ́. Ní àwọn apá kan ní etíkun Ìlàjẹ, odò lílà tí àwọn iléeṣẹ́ epo gbẹ́ láti gbé ẹ̀rọ wọn kọjá ló la ọ̀nà fún omi òkun láti ya wọ inú irà tó jẹ́ omi dídùn tẹ́lẹ̀. Igi kú, ẹja inú irà lọ, omi tí àwọn bàbá wọn ń bù mu di omi iyọ̀.

Kò sí ìdí fún ará Èkó láti máa wò wọ́n láti òkèèrè. Ẹni tó bá ti gbẹ́ kànga ní Lẹ́kí tàbí ní Àpápá mọ̀ pé omi lè jáde kó má ṣeé mu. Omi dídùn tó wà lábẹ́ ilẹ̀ ló ń ti omi òkun sẹ́yìn. Bí a bá ń fà á jù, òkun á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ yanrìn. Ilé alájà mẹ́rin lè wà lójú títì olówó, kí ọkọ̀ omi máa wá já omi fún un lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín onílé náà àti ìyá tó ń yan ẹja ni pé onílé rówó sanwó ọkọ̀ omi.

Iyọ̀ nìkan kọ́ sì ni ọ̀rọ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, àrùn onígbáméjì jà ní Èkó, ó sì pààyàn. Omi tó dọ̀tí ni àrùn náà ń bá rìn. Níbi tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ti wà lórí omi tí wọ́n ń fi fọ abọ́, ẹ̀rọ tó bá yọ iyọ̀ láìpa kòkòrò àrùn kò tíì ṣe nǹkan kan.

Ohun tí ìdérí ìkòkò mọ̀

Ẹ gbé omi iyọ̀ kaná, ẹ dé e. Nígbà tí ẹ bá ṣí ìdérí, omi tó ń kán lábẹ́ rẹ̀ kò níyọ̀ rárá. Ooru ló gbé omi gòkè. Iyọ̀ wúwo fún un, ìsàlẹ̀ ni yóò jókòó sí. Kòkòrò àrùn kò lè bá a gòkè, òjé àti àwọn irin olóró yòókù kò lè bá a gòkè. Gbogbo ẹ̀rọ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ nísinsìnyí kò kọjá ọgbọ́n tí ìdérí ìkòkò mọ̀. Oòrùn ló wà nípò iná, gíláàsì tàbí ọ̀rá sì wà nípò ìdérí.

Wọ́n ti fi ṣiṣẹ́ gidi tipẹ́. Ní ọdún 1872, ní aṣálẹ̀ tó wà ní orílẹ̀-èdè Chile lónìí, níbi tí wọ́n ń pè ní Las Salinas, ẹnjiníà kan tó ń jẹ́ Charles Wilson kan àpótí onígíláàsì kalẹ̀ lórí ilẹ̀ tó ju 4,000 mítà oníbùú-lóròó lọ. Àwọn awakùsà ló wà níbẹ̀, àti àwọn ìbáákà tó ń kó ẹrù wọn. Omi ibẹ̀ níyọ̀ ju ti òkun lọ. Oòrùn ń wọ inú gíláàsì, omi ń gbóná, ó ń rọ̀ mọ́ gíláàsì lókè, ó ń ṣàn lọ sínú gọ́tà. Ohun tó ń jáde níbẹ̀ ju 20,000 lítà lọ lójúmọ́, ó sì ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, láìsí ẹ́ńjìnnì.

Kí ló dé tí irú rẹ̀ kò fi tàn kálẹ̀? Ìṣirò ló dè é mọ́lẹ̀. Láti sọ lítà omi kan di ooru, ó ń gba agbára tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílówáàtì-wákàtí 0.7. Oòrùn etíkun wa kò le tó ti òkè Ọya, nítorí ìkùukùu àti ọ̀rinrin. Mítà oníbùú-lóròó kan ní etíkun ń rí nǹkan bí kílówáàtì-wákàtí 4 sí 4.5 lójúmọ́. Bí ìdajì rẹ̀ bá ṣiṣẹ́, lítà mẹ́ta ni yóò jáde lórí àyè tó fẹ̀ tó tábìlì ìjẹun. Ó tó èèyàn kan mu. Kò tó o wẹ̀.

Àwọn tó ń lọ́wọ́ sí iṣẹ́ yìí láyé òde òní wá ọgbọ́n méjì dá sí i. Àkọ́kọ́, wọn kì í jẹ́ kí oòrùn máa gbóná gbogbo omi tó wà nínú àpótí mọ́. Aṣọ dúdú tàbí èédú tó léfòó ni wọ́n ń tẹ́ sójú omi, kí ooru náà mọ sórí omi fẹ́lẹ́ tó wà lókè. Èkejì, nígbà tí ooru omi bá tún di omi lára gíláàsì, ó ń tú ooru sílẹ̀. Wọ́n ń fi ooru yẹn gbóná omi mìíràn tó wà ní ìpele kejì, kẹta, kẹrin. Oòrùn kan náà á wá fa omi lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin.

Gáàsì inú omi

Ọ̀rọ̀ háídírójìn dàgbà ju bí àwọn olóṣèlú ṣe ń sọ ọ́ lọ. Ní ọdún 1800 ni William Nicholson àti Anthony Carlisle, ní Lọ́ńdọ̀nù, ti okùn bátìrì méjì bọ inú omi, tí gáàsì bẹ̀rẹ̀ sí í hó jáde. Háídírójìn ń jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọ́síjìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Bí ẹ bá tún sun háídírójìn náà, omi ni yóò padà dà. Kò ní èéfín dúdú, kò ní gáàsì tó ń mú ayé gbóná. Ìdí nìyẹn tí ayé fi ń sáré tẹ̀ lé e.

Àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú háídírójìn tí ayé ń lò lónìí, gáàsì àdánidá àti èédú ilẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é, èéfín rẹ̀ sì ń lọ sójú ọ̀run. Wọ́n ń lò ó láti fọ epo rọ̀bì, wọ́n sì ń lò ó láti ṣe ammonia, èyí tí wọ́n fi ń ṣe ajílẹ̀. Ilé iṣẹ́ ajílẹ̀ Dangote ní Ìbẹ̀jù-Lẹ́kì, tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹta ọdún 2022, tó lè ṣe mílíọ̀nù mẹ́ta tọ́ọ̀nù ajílẹ̀ yúríà lọ́dún, gáàsì ilẹ̀ wa ló ń lò. Àgbẹ̀ tó bá da yúríà sí ìdí àgbàdo rẹ̀ ní Ọ̀yọ́ ti ń lo háídírójìn láìmọ̀.

Láti rí háídírójìn tí kò ní èéfín, omi ni a máa tú, iná sólà tàbí ti afẹ́fẹ́ ni a sì máa fi tú u. Kílò háídírójìn kan ń jẹ omi lítà mẹ́sàn-án, ó sì ń jẹ iná tó tó kílówáàtì-wákàtí 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Omi tí ẹ̀rọ yìí fẹ́ gbọ́dọ̀ mọ́ ju èyí tí èèyàn ń mu lọ. Bí a bá da omi òkun sínú rẹ̀ bó ṣe wà, iyọ̀ inú rẹ̀ á di kiloríìnì, irú èyí tó wà nínú bílíìṣì tí a fi ń fọ aṣọ funfun, á jẹ irin ẹ̀rọ náà títí yóò fi dípẹtà, yóò sì máa ta èèyàn nímú. Ibi tí oòrùn pọ̀ sí láyé sì sábà máa ń jẹ́ ibi tí omi dídùn ti wọ́n. Ṣé a ó wá máa gba omi lẹ́nu èèyàn ká tó rí gáàsì tà fún Yúróòpù ni?

Ẹ̀rọ tó fẹ́ ṣe méjèèjì

Ìdáhùn tí àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Cambridge mú jáde lóṣù kọkànlá ọdún 2023 rọrùn lójú, ó le nínú. Wọ́n ṣe pẹlẹbẹ kan tó ń léfòó lórí omi. Lókè rẹ̀ ni èròjà funfun kan wà tó máa ń gba ìtànṣán oòrùn tí ojú wa kò lè rí, tó sì ń fi tú omi sí háídírójìn àti ọ́síjìn láìlo okùn iná. Lábẹ́ rẹ̀ ni àwọ̀n èédú wà, tó ń gba ìyókù ìmọ́lẹ̀, tó ń fi gbóná omi. Omi tó di ooru, tó ti fi iyọ̀ àti ẹrẹ̀ sílẹ̀, ló ń kan èròjà òkè. Ìdọ̀tí kò ráyè dé ibẹ̀ kó bà á jẹ́. Èyí tó kù nínú ooru náà ń di omi tó ṣeé mu. Wọ́n gbìyànjú rẹ̀ pẹ̀lú omi òkun, wọ́n sì gbìyànjú rẹ̀ pẹ̀lú omi odò tó dọ̀tí nílùú wọn.

Omi tó jáde níbẹ̀ dára: ó súnmọ́ lítà kan láti orí mítà oníbùú-lóròó kan ní wákàtí kan lábẹ́ oòrùn tó mú hánhán. Háídírójìn rẹ̀ ni kò tíì tó nǹkan. Nínú ìdá 1,000 agbára oòrùn tó bá wọlé, èyí tó di háídírójìn kò pé méjì. Àwọn ará Japan tó ń lo irú èròjà kan náà, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Kazunari Domen, ti tẹ́ ẹ sórí 100 mítà oníbùú-lóròó lójú oòrùn ìta, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2021. Èyí tó dára jù tí wọ́n rí kò pé mẹ́jọ nínú 1,000, omi tó mọ́ ni wọ́n sì lò. Iṣẹ́ ti pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí: ọdún 1972 ni Akira Fujishima àti Kenichi Honda fi hàn pé ìmọ́lẹ̀ lè tú omi. Ó ti lé ní 50 ọdún.

Àwọn ti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà gba ọ̀nà mìíràn, òun ló sì wù mí jù. Gbogbo ẹni tó bá ní páánẹ̀lì sólà lórí òrùlé mọ̀ pé ó máa ń gbóná lọ́sàn-án débi pé ọwọ́ kò ṣeé gbé lé e. Ooru yẹn ṣòfò. Nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún agbára oòrùn ló ń di iná. Ìyókù ń gbóná páànù lásán. Lenan Zhang àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, nínú iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2025, lẹ aṣọ kan tó ń fa omi mọ́ ẹ̀yìn páánẹ̀lì. Omi òkun ń gun aṣọ náà bí epo ṣe ń gun òwú àtùpà, ó ń fẹ́lẹ́ mọ́ ẹ̀yìn páánẹ̀lì, ooru tó fẹ́ ṣòfò ń sọ ọ́ di ooru omi, ó sì ń di omi mímọ́ lódìkejì. Iná tí páánẹ̀lì náà mú wá ń tú díẹ̀ nínú omi mímọ́ yìí sí háídírójìn.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi dán an wò kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ: sẹ̀ǹtímítà 10 níbùú, 10 lóròó. Ó ń mú mìlílítà 200 háídírójìn jáde ní wákàtí kan lójú oòrùn ìta, ó sì lo ohun tó lé ní méjìlá nínú ọgọ́rùn-ún agbára oòrùn tó kàn án. Àwọn olùwádìí náà ní bó bá gbòòrò tán, láàárín ọdún 15, kílò háídírójìn kan lè wá sí dọ́là kan péré.

Mo ṣírò mìlílítà 200 náà. Kílò háídírójìn kan, nígbà tó jẹ́ gáàsì lásán tí wọn kò tíì fún pọ̀, fẹ́rẹ̀ẹ́ gba àyè 12,000 lítà. Bí ẹ̀rọ àtẹ́lẹwọ́ yẹn bá ń rí oòrùn dáadáa fún wákàtí mẹ́fà lójúmọ́, yóò gbà á ju ọdún 25 lọ kó tó pé kílò kan. Ooru tó wà nínú kílò kan yẹn kò sì tó ti kílò mẹ́ta gáàsì ìdáná tí ẹ ń rà ládùúgbò. Mi ò sọ èyí láti fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́; bí a bá tẹ́ irú rẹ̀ tí ó kún pápá bọ́ọ̀lù, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀. Àmọ́ ó yẹ ká mọ ibi tí nǹkan dé kí ẹnì kan tó wá gbé àwòrán aláràbarà ka iwájú gómìnà.

Èwo ló kọ́kọ́ wọlé?

Ìṣirò mìíràn tún wà, òun ló mú mi kọ àpilẹ̀kọ yìí.

Ọ̀nà tí ayé fi ń yọ iyọ̀ kúrò nínú omi òkun jù lónìí ni pé kí ẹ̀rọ fi ipá ti omi gba inú asẹ́ kan tí ihò rẹ̀ tín-ín-rín débi pé omi ń kọjá, iyọ̀ kò lè kọjá. Ó ń gba nǹkan bí kílówáàtì-wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin láti rí 1,000 lítà omi dídùn. Kílò háídírójìn kan, a ti sọ ọ́, ń jẹ kílówáàtì-wákàtí 50. Èyí túmọ̀ sí pé iná tí a máa fi ṣe kílò háídírójìn kan ṣoṣo tó láti sọ omi òkun tó ju 12,000 lítà lọ di omi mímu. Bí a bá fún èèyàn kan ní 50 lítà lójúmọ́, fún mímu, sísè, ìwẹ̀ àti ìfọṣọ, omi yẹn tó èèyàn 240.

Ẹ wá yí i padà. Omi tí kílò háídírójìn náà ń fẹ́ fúnra rẹ̀, lítà mẹ́sàn-án, iná tí yóò yọ iyọ̀ inú rẹ̀ kò tó ohun tí gílóòbù kan ń jẹ láàárín wákàtí mélòó kan. Fún ilé iṣẹ́ háídírójìn, omi kò ná an ní nǹkan kan. Bó bá ní òun fẹ́ ṣe ìlọ́po mẹ́wàá omi tí òun nílò kí òun fi èyí tó kù fún ìlú, owó rẹ̀ kò ní hàn nínú ìwé ìṣirò rẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé bá ń sọ pé omi mímu àti háídírójìn ń bá ara wọn du oòrùn, òótọ́ ni lórí páánẹ̀lì kékeré tó wà lórí òrùlé ẹnì kan. Níbi tó ti jẹ́ ilé iṣẹ́ ńlá, àwáwí ni. Ní Namibia, ní etíkun Lüderitz, ètò háídírójìn ńlá tí wọ́n ń gbèrò níbẹ̀ ní ilé ìyọyọ̀ omi òkun nínú, torí aṣálẹ̀ ni gbogbo agbègbè náà. Àwọn ará ìlú náà ń béèrè pé mélòó nínú omi yẹn ni yóò dé ẹnu ẹ̀rọ wọn. Ìbéèrè gidi ni.

Ó sì lè kàn wá. Ní ọdún 2021, ìjọba Jámánì ṣí ọ́fíìsì sí Àbújá nítorí ọ̀rọ̀ háídírójìn nìkan. Wọn kò wá ṣeré. Ilé iṣẹ́ wọn nílò gáàsì tí kò ní èéfín, oòrùn wọn kò tó.

Ohun tó ń ba ẹ̀rọ jẹ́

Àwọn tó ń tún ẹ̀rọ omi ṣe ní etíkun kì í bá èèyàn jiyàn nípa sáyẹ́ǹsì. Ohun tí wọ́n máa ń béèrè ni pé ta ni yóò máa fọ̀ ọ́. Iyọ̀ tó kù lẹ́yìn kì í rìn lọ fúnra rẹ̀. Ó ń dì mọ́ aṣọ dúdú náà, ó ń funfun, oòrùn kò ní rí ojú dúdú gbóná mọ́. Afẹ́fẹ́ òkun ń jẹ bóòtì àti okùn iná. Ẹ lọ sí ọ̀pọ̀ abúlé, ẹ ó rí kànga ẹ̀rọ oní-sólà tí wọ́n fi ariwo ṣí, tí ewúrẹ́ ń sùn lábẹ́ páánẹ̀lì rẹ̀ báyìí. Fáwẹ́ẹ̀lì kan tó bàjẹ́ ni wọn kò rí rà, tàbí kí ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe ti lọ sí Èkó.

Omi iyọ̀ kíki tó ń ṣẹ́ kù tún jẹ́ ọ̀ràn. Ìwádìí kan tí Yunifásítì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lọ́wọ́ sí, tó jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019, ka ilé ìyọyọ̀ omi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 16,000 káàkiri ayé. Omi dídùn tí wọ́n ń ṣe lójúmọ́ tó bílíọ̀nù 95 lítà. Omi iyọ̀ kíki tí wọ́n ń dà nù jẹ́ bílíọ̀nù 142. Bí a bá dà á sínú ọ̀sà tó parọ́rọ́, ìsàlẹ̀ ni yóò jókòó sí, yóò sì lé ẹja lọ. Ní ìlú apẹja, kò sẹ́ni tí yóò gba omi lọ́nà tí yóò fi pàdánù ẹja.

Nǹkan kan tún wà tó jẹ́ ti Ìlàjẹ àti Niger Delta gan-an. Ooru máa ń fi iyọ̀ sílẹ̀, ó ń fi irin olóró sílẹ̀, àmọ́ kì í fi gbogbo epo sílẹ̀. Àwọn èròjà kan wà nínú epo rọ̀bì tó ń fẹ́ lọ bíi ti bẹntiróòlù, tó ń bá ooru omi gòkè, tó sì lè bá a sọ̀ kalẹ̀ sínú ike ìbomi. Níbi tí epo bá ti dà sójú omi, omi tó jáde lára ẹ̀rọ oòrùn gbọ́dọ̀ gba inú èédú ìsẹ́mi kọjá kí ẹnikẹ́ni tó mu ún. Ẹni tó bá tà á fún yín láìsọ èyí fẹ́ gba owó yín ni.

Ní ti háídírójìn, ó kéré púpọ̀, ó ń yọ́ jáde níbi tí gáàsì mìíràn kò lè gbà, iná rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn lójú ọ̀sán, bó bá sì pàdé ọ́síjìn nínú àgbá kan náà, ìṣáná kékeré tó láti gbé òrùlé lọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e wá sí ìdí ibi tí wọ́n ti ń yan ẹja. Iṣẹ́ ilé iṣẹ́ tó ní odi àti olùṣọ́ ni.

Ohun tó yẹ ká béèrè

Ìdájọ́ tèmi nìyí. Fún ilé kọ̀ọ̀kan àti abúlé, ìdajì ẹ̀rọ yìí ni a nílò, ìdajì tó ń mú omi wá. Kò sí ohun tó ṣòro nínú rẹ̀ tí àwọn ọmọ wa ní Yunifásítì Ìmọ̀ Sáyẹ́ǹsì Olúṣẹ́gun Agagu ní Òkìtìpupa, tí kò jìnnà sí Ìgbókòdá, kò lè fi gíláàsì, aṣọ dúdú àti pákó kàn, kí wọ́n dán an wò lórí omi Ìlàjẹ gan-an, kí wọ́n sì kọ́ ọ̀dọ́ méjì nínú abúlé kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń fọ iyọ̀ kúrò lára rẹ̀. Ìdajì tó ń mú gáàsì wá, kí ó dúró sí ilé ìwádìí àti ilé iṣẹ́ títí yóò fi gbó.

Bí ọjọ́ ilé iṣẹ́ bá sì dé, tí wọ́n wá béèrè ilẹ̀ etíkun fún háídírójìn, ẹ̀bẹ̀ mi sí ìjọba Oǹdó, ti Ògùn àti ti Èkó ni pé kí iye lítà omi mímu tí ìlú tó wà nítòsí yóò máa gbà lójúmọ́ wà nínú ìwé àdéhùn, pẹ̀lú nọ́ńbà àti ọjọ́, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dé ìlú kí ọkọ̀ gáàsì àkọ́kọ́ tó kúrò ní èbúté. Àwọn ọba àti baálẹ̀ etíkun ni kí wọ́n di apá ibẹ̀ mú, kí wọ́n má fọwọ́ sí ohunkóhun tí kò bá ní in.